Béèlì kì í ṣe owó: ọ̀nà tó ń gbé ẹni tí kò tí ì jẹ̀bi dé ọgbà ẹ̀wọ̀n

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2021, àwọn agbébọn ya bo ọgbà ẹ̀wọ̀n Abolongo nílùú Ọ̀yọ́. Wọ́n fi àdó olóró fọ́ ògiri, wọ́n ṣílẹ̀kùn, àwọn tó sì sá jáde lóru ọjọ́ náà lé ní 800. Gbogbo ilé iṣẹ́ ìròyìn ló gbé e. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìkéde tí àjọ ọgbà ẹ̀wọ̀n fi síta tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà kọjá: wọn ò fọwọ́ kan yàrá àwọn tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́jọ́, wọn ò fọwọ́ kan ti àwọn obìnrin. Yàrá àwọn tó ń retí ìdájọ́ nìkan ni wọ́n já.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Ó lé ní 800 èèyàn tó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ṣoṣo, tí adájọ́ kankan ò tí ì sọ pé wọ́n jẹ̀bi ohunkóhun. Kì í sì í ṣe Abolongo nìkan. Jákèjádò Nàìjíríà, tí ẹ bá ka ẹni mẹ́ta tó wà lẹ́wọ̀n, nǹkan bí méjì nínú wọn ni ẹjọ́ wọn ò tí ì parí. Awaiting ni wọ́n ń pè wọ́n nínú ọgbà. Àwa tá a wà níta, ẹlẹ́wọ̀n là ń pe gbogbo wọn, a sì ti fọkàn dá wọn lẹ́jọ́ tán.

Òfin ò dá wọn lẹ́jọ́. Abala 36 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ni títí tí ẹ̀rí yóò fi sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ tiwọn ṣáájú: agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Ibẹ̀ ni béèlì ti wá. Bí èèyàn ò bá tí ì jẹ̀bi, kí la fẹ́ tì í mọ́lé fún? Ìdí tó bófin mu kò pọ̀, èyí tó sì tóbi jù ni pé kó má sá lọ kí ẹjọ́ tó parí. Bí ẹnì kan bá wà tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní sá, kó máa lọ sílé, kó máa ti ilé wá jẹ́jọ́.

Òyìnbó ló ni ọ̀rọ̀ béèlì, ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí ò ṣàjèjì sí wa. Kí òyìnbó tó kọ́ kóòtù sí Èkó ni Yorùbá ti mọ onídùúró. Ẹni tó fẹ́ yáwó, ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́, wọ́n á ní kó lọ mú ẹni tó máa dúró fún un wá. Onídùúró kì í sanwó lọ́jọ́ tó dúró. Orúkọ rẹ̀ àti ti ilé bàbá rẹ̀ ló fi lélẹ̀. Ọjọ́ tí ẹni tó dúró fún bá sá lọ ni tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Béèlì gan-an nìyẹn. Ohun tá a sọ ọ́ dà ní tẹ́sàn, ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Ẹ̀yin náà ti rí i lára ògiri, nítòsí káńtà, tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Lábẹ́ àkọlé yẹn náà ni wọ́n ti máa ń bi ìyá tọ́mọ ẹ̀ wà ní sẹ́ẹ̀lì pé, "Màmá, kí lẹ mú wá?" Owó ìwé wà, owó bírò wà, owó epo ọkọ̀ tí wọ́n fi lọ mú ọmọ náà wà. Kò sí rìsíìtì fún ìkankan nínú wọn. Owó tí kò ní rìsíìtì kì í ṣe owó béèlì, nítorí kò sí ohun tó ń jẹ́ owó béèlì ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ohun tí òfin ní kí wọ́n béèrè ni onídùúró kan tí wọ́n mọ ilé rẹ̀, tó ní iṣẹ́ tàbí káàdì ìdánimọ̀, tó máa fọwọ́ síwèé pé bí ẹ bá ní kó wá, òun á mú un wá.

Obìnrin sì lè ṣe é. Òfin tó ń darí ẹjọ́ ọ̀daràn, èyí tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù lọ́dún 2015, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ACJA, sọ ọ́ ní tààrà pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ onídùúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Lẹ́yìn òfin yìí ni mo tẹ̀lé àǹtí mi kan lọ sí àgọ́ kan, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, láti gba béèlì ọmọ tó háyà yàrá lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gá tó wà ní káńtà ní kí wọ́n lọ mú ọkọ wọn wá. Àǹtí mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti tó ọdún mẹ́rin tá a ti sin ín. Ṣé kí n lọ jí i?" Gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín, ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, síbẹ̀ ọkùnrin kan láti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló pàpà fọwọ́ síwèé.

Ọ̀rọ̀ wákàtí náà ṣe pàtàkì, nítorí ibẹ̀ ni ìyà ti ń bẹ̀rẹ̀. Abala 35 nínú ìwé òfin sọ pé láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ ohun tí wọ́n mú èèyàn fún, lédè tó gbọ́. Ìyá tó ń ta ata ní Bódìjà, tí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, òun ni òfin yẹn ń bá wí. Ó sì lè panu mọ́ títí tó máa fi rí lọ́yà rẹ̀ bá sọ̀rọ̀. Bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú un, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Bí kò bá sí, ọjọ́ méjì, àyàfi tí kóòtù bá rí ìdí fún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́sàn wo nínú ìgboro Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Àkúrẹ́ ni kóòtù jìnnà sí tó kìlómítà 40? Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn lọ́yà ìdí tí ọ̀pọ̀ ìmúni fi máa ń bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Kóòtù kì í jókòó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni kì í jókòó lọ́jọ́ Àìkú. Ọjọ́ méjì yẹn tó fún ìdílé láti tajà.

Ohun méjì mìíràn tún wà tí òfin ACJA kà léèwọ̀, tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Wọn ò gbọdọ̀ mú ìyá dípò ọmọ tó sá, tàbí mú ìyàwó dípò ọkọ. Wọn ò sì gbọdọ̀ mú èèyàn nítorí gbèsè lásán tàbí àdéhùn tó já. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 náà tún un sọ. Ẹni tó kó owó àjọ yín tí kò rí i san, kóòtù lẹ máa gbé e lọ, kì í ṣe tẹ́sàn. Bó bá jẹ́ jìbìtì ló fi gbà á lọ́wọ́ yín, tàbí ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nídìí ló fún yín, ìyẹn di ọ̀ràn ìjọba.

Bí tẹ́sàn ò bá dá a sílẹ̀, ó di kóòtù, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ti májísíréètì. Ìwọ̀n ẹ̀ṣẹ̀ ló ń pinnu bí béèlì ṣe máa rọrùn tó. Nínú òfin ọ̀daràn apá gúúsù, ọ̀ràn tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tó ọdún mẹ́ta sókè ni ọ̀ràn ńlá. Èyí tó tó oṣù mẹ́fà ṣùgbọ́n tí kò tó ọdún mẹ́ta wà láàárín. Ìyókù jẹ́ wẹ́wẹ́. Fún àwọn tí kò ju ọdún mẹ́ta lọ, béèlì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dandan. Lókè ìyẹn, adájọ́ máa wò ó bóyá ó máa sá, bóyá ó máa lọ halẹ̀ mọ́ ẹlẹ́rìí, bóyá ó máa ba ẹ̀rí jẹ́. Tó bá wá jẹ́ ẹ̀sùn tí ikú jẹ́ ìjìyà rẹ̀, bí ìpànìyàn àti ìdigunjalè, ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló lè gba béèlì, òun náà kì í sì í ṣe é bí kò bá rí ìdí pàtàkì: àìsàn tí dókítà fìdí rẹ̀ múlẹ̀, tàbí ìwádìí tó ti lé ní ọdún kan tí kò lójú.

Ẹ rántí ọ̀dọ́kùnrin Òkukù, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí gbogbo ayé ń sọ pé wọ́n fẹ́ pokùn so nítorí adìyẹ. Ọdún 2010 ni wọ́n mú un, ẹbí rẹ̀ ní ẹni ọdún 17 ni. Àkọlé ìwé ìròyìn ní adìyẹ. Ìwé ẹ̀sùn ní ìdigunjalè. Ìyàtọ̀ àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì ló fa gbogbo ohun tó tẹ̀lé e. Ẹni tó jí adìyẹ lè gba béèlì lọ́wọ́ májísíréètì kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni tí wọ́n ní ó fi ohun ìjà gba adìyẹ, òfin ìdigunjalè ló máa bá pàdé, kò sì sí májísíréètì tó lágbára láti dá a sílẹ̀. Ọdún 2014 ni wọ́n dájọ́ ikú fún un. Oṣù kejìlá ọdún 2024 ni Gómìnà Ademola Adeleke dárí jì í. Ẹ ka ọdún tó wà láàárín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń há sí jù ni mo fẹ́ sọ wàyí, òun náà ló sì ń kún Abolongo, Agodi àti Kirikiri. Ẹ ti gbọ́ ọ nínú ìròyìn títí etí yín fi di: "Adájọ́ ní kí wọ́n lọ fi í pamọ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n títí ìmọ̀ràn yóò fi dé láti ọ̀dọ̀ DPP." DPP ni ọ́fíìsì tó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀, tó máa ń yẹ fáìlì wò, táá sọ bóyá ẹjọ́ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Májísíréètì ò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn, kò sì lè dá ẹni náà sílẹ̀. Agbefọ́ba á gbé e wá síwájú rẹ̀, yóò ka ẹ̀sùn, wọn ò ní bi afurasí bóyá ó jẹ̀bi, adájọ́ á ní kí wọ́n máa mú un lọ. Àwọn lọ́yà bá ìwà yìí jà títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Lọ́dún 2007, nínú ẹjọ́ Lufadeju àti Johnson, ilé ẹjọ́ náà ní fífi èèyàn pamọ́ bẹ́ẹ̀ kò lòdì sí ìwé òfin. ACJA wá gbìyànjú láti fi okùn sí i lọ́rùn: ọjọ́ 14 ni wọ́n lè fi pa á mọ́, bí wọ́n bá fẹ́ sí i, kí wọ́n padà wá sọ ìdí.

Lórí ìwé, ó dára. Ẹ wo bó ṣe ń lọ. Fáìlì gbọ́dọ̀ ti tẹ́sàn lọ sí olú iléeṣẹ́, kó ti ibẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì DPP. Ọlọ́pàá tí fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti gba tíránsífà lọ sí Sokoto. Ọjọ́ tí wọ́n dá sí kóòtù pé, ọkọ̀ Black Maria ò lépo, wọn ò gbé e dé. Wọ́n sún un síwájú. Adájọ́ gba ìgbéga tàbí tíránsífà, ẹjọ́ tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Nígbà mìíràn, kóòtù fúnra rẹ̀ á tilẹ̀kùn: láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù daṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ọlọ́pàá ò daṣẹ́ sílẹ̀ ní tiwọn. Wọ́n ń mú èèyàn, kò sí adájọ́ tó máa gba béèlì ẹnikẹ́ni. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n wọlé padà ni ti Abolongo ṣẹlẹ̀.

Ká wá ní adájọ́ ti gba béèlì. Ariwo á sọ nílé: "Wọ́n ní ₦500,000, àti onídùúró méjì ní iye kan náà. Níbo la ti fẹ́ rí mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀?" Ẹ fara balẹ̀. Wọn ò ní kẹ́ ẹ mówó wá. Iye yẹn ni gbèsè tó máa wọ onídùúró lọ́rùn bí olùjẹ́jọ́ bá sá. Lónìí, ìwé ló máa mú wá: ìwé owó orí, ìwé ibi iṣẹ́, ìwé ilé tàbí ti ilẹ̀, fọ́tò, àti ìwé ìbúra. Òṣìṣẹ́ kóòtù á tẹ̀lé e lọ wo ilé rẹ̀ bóyá òótọ́ ni. Kóòtù láṣẹ láti ní kí wọ́n fi owó kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n àfi bó bá sọ bẹ́ẹ̀ ní tààrà, owó yẹn sì gbọ́dọ̀ ní rìsíìtì. Bí ẹjọ́ bá parí, wọ́n á dá a padà.

Àwọn ẹbí tó wà ní Amẹ́ríkà ló máa ń da èyí rú jù. Níbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, owó gidi ni wọ́n ń kà sílẹ̀, ilé iṣẹ́ aládàáni sì wà tó ń bá èèyàn san án, tó ń gba ìdá kan tí kì í dá padà. Illinois fòpin sí i lọ́dún 2023, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ṣì ń ṣe é. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbọ́ béèlì lórí WhatsApp, owó ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́, ẹni tó bá wà ní tẹ́sàn á sì gbà á pẹ̀lú ayọ̀.

Onídùúró kì í ṣe eré. Sẹ́nétọ̀ Ali Ndume dúró fún Abdulrasheed Maina nínú ẹjọ́ owó ìfẹ̀yìntì, Maina sá lọ. Lóṣù kọkànlá ọdún 2020, Adájọ́ Okon Abang ní kí wọ́n gbé sẹ́nétọ̀ lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje títí tó máa fi san ₦500 mílíọ̀nù tó fọwọ́ sí. Ó lo ọjọ́ mélòó kan níbẹ̀ kí wọ́n tó gba béèlì tirẹ̀ náà. Nígbà tó yá, wọ́n rí Maina mú ní orílẹ̀-èdè Niger. Nítorí irú èyí, ẹ̀rù ń ba èèyàn láti dúró fún ọmọ aládùúgbò, ẹ̀rù yìí sì ti bí iṣẹ́ mìíràn: àwọn kan wà ní ẹnu géètì kóòtù tó jẹ́ pé onídùúró ni wọ́n ń ṣe jẹun. Wọn ò mọ ẹni tí wọ́n ń dúró fún. Ẹ san owó wọn, wọ́n á mú ìwé ilé jáde, Ọlọ́run nìkan ló mọ ilé ẹni tó jẹ́. Àwọn lọ́yà tó ń jókòó tì wọ́n ni gbogbo Nàìjíríà ń pè ní charge-and-bail.

Òfin ní iye béèlì ò gbọdọ̀ pàpọ̀jù, kí adájọ́ wo bí ọ̀rọ̀ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ṣe rí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2024, wọ́n kó èèyàn 76 wá sí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá lórí ìwọ́de oṣù kẹjọ ọdún náà. Ọmọ kékeré wà lára wọn. Láti oṣù kẹjọ ni wọ́n ti wà ní àtìmọ́lé. Àwọn kan ṣubú lulẹ̀ nínú kóòtù, ebi àti àárẹ̀ hàn lójú wọn, gbogbo ayé rí fídíò náà. Béèlì tí wọ́n fún wọn jẹ́ ₦10 mílíọ̀nù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí kò rí oúnjẹ jẹ, ta ni ẹbí rẹ̀ mọ̀ tó ní dúkìá ₦10 mílíọ̀nù? Ariwo ayé ló mú kí Ààrẹ Tinubu ní kí wọ́n tú wọn sílẹ̀, wọ́n sì fagi lé ẹjọ́ náà ní ọjọ́ karùn-ún oṣù náà. Ẹni tí kò sí kámẹ́rà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fún un nírú béèlì bẹ́ẹ̀, inú ọgbà ló padà sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé sọ pé wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Kódà lẹ́yìn ìdájọ́, àìlówó ṣì ni àgádágodo. Lóṣù kọkànlá ọdún 2023, Mínísítà Olubunmi Tunji-Ojo kéde ìtúsílẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n 4,068 tí adájọ́ ti ní kí wọ́n san owó ìtanràn tàbí kí wọ́n ṣẹ̀wọ̀n, tí wọn ò rí owó náà san. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ló dáwó, ó tó ₦585 mílíọ̀nù. Ẹ pín in lórí wọn, ẹ ó rí i pé iye tó há ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́bẹ̀ kò tó owó fóònù tuntun.

Lọ́dún 2019, wọ́n yí orúkọ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà sí ọgbà àtúnṣe. Òfin tuntun náà fún ọ̀gá ọgbà láṣẹ láti kọ̀ pé òun ò gba ẹnikẹ́ni mọ́ bí ibẹ̀ bá ti kún. Mo ṣì ń retí ọ̀gá tó máa dúró ní géètì, táá sọ fún Black Maria pé kó máa padà lọ. Lọ́dún 2023, wọ́n tún ìwé òfin ṣe kí ìpínlẹ̀ lè kọ́ ọgbà tiwọn. N kò lòdì sí i, ṣùgbọ́n ẹni tí omi ń ya wọ ilé rẹ̀, ṣé garawa ló yẹ kó kọ́kọ́ máa rà ni?

Ohun tó wúlò ju ògiri tuntun lọ wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Legal Aid Council wà ní gbogbo ìpínlẹ̀. Ní Èkó, ọ́fíìsì Public Defender tún wà láti ọdún 2000. Lọ́yà ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí kò lówó. Òfin kan sì wà láti ọdún 1977 tó fún adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ láṣẹ láti wọ inú ọgbà lọ, kó sì tú ẹni tó ti pẹ́ jù níbẹ̀ sílẹ̀ láìsí ìgbẹ́jọ́. Bí ẹ bá ní ẹni kan níbẹ̀, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n mú un, nọ́ńbà ẹjọ́ rẹ̀ àti kóòtù tó wà sórí ìwé kan, kí ẹ tó lọ bá wọn. Nínú èèyàn 800, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹbí ni fáìlì rẹ̀ máa ń tètè rí.

Ní ti àwọn tó sá jáde ní Abolongo, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí ìmọ̀ràn DPP ì bá dé lórí ẹjọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, pé kò lẹ́jọ́ kankan láti jẹ́. Bó bá wà bẹ́ẹ̀, ó ti ní ẹjọ́ báyìí. Sísá kúrò ní àhámọ́ jẹ́ ẹ̀sùn lábẹ́ òfin. Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ ṣì ń wá ẹlẹ́rìí kiri. Èyí kejì ò ní wàhálà, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, òun alára ò sì sí nínú yàrá.